Ẹni Tó Di Okùn Kànga Mú Kì í Kí Ènìyàn

Kànga gbígbẹ́ ni iṣẹ́ tí mo ṣe láti ìgbà èwe títí di ẹnu àìpẹ́ yìí. Mo ti fẹ̀yìn tì. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Ìlaròó ló ní kí n kọ nǹkan sílẹ̀ nípa rẹ̀, torí wọ́n ń ronú iṣẹ́ tí wọ́n máa kọ́. N kì í ṣe ẹni tó lọ́rọ̀ púpọ̀ lẹ́nu. Mo ti bímọ kí n tó mọ̀wé kọ. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo lọ. Ẹ gba ìwọ̀nba tí mo bá rí sọ.

Igbógìlà ni wọ́n bí mi sí, nínú ìdílé àgbẹ̀. Àwa ọmọ pọ̀, ilẹ̀ kò tó wa. Ni bàbá mi bá mú mi lọ sí Ayétòrò, lọ́dọ̀ Bàbá Sùmọ́nù tó ń gbẹ́ kànga. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ náà kò gùn: ó bọ́ wa, kò sọ wá di ọlọ́rọ̀. Mo ti sọ ìyẹn tán.

Ènìyàn tín-ín-rín ni Bàbá Sùmọ́nù. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wo ènìyàn, ẹjọ́ ti tán. Ọmọ iṣẹ́ méjì ló ní: èmi àti Múfú, tó fi díẹ̀ jù mí lọ. Nínú iṣẹ́ wa, ẹnì kan á wà nísàlẹ̀ tí yóò máa gbẹ́, ẹnì kan á wà lókè tí yóò di okùn mú, tí yóò máa fa erùpẹ̀ jáde. Ẹ lè rò pé ẹni ìsàlẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Bàbá kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹni ìsàlẹ̀ ń gbẹ́ ilẹ̀ lásán ni, ẹni òkè ló di ẹ̀mí mú. Odindi ọdún kan ni mo fi di okùn kí ó tó jẹ́ kí n tẹsẹ̀ bọ inú kànga.

Òfin okùn kò ju ọ̀kan lọ: ẹni tó di okùn mú kì í kí ènìyàn. Kì í kí, kì í dáhùn, kì í wẹ̀yìn, ìbáà ṣe ọba ló ń kọjá. Ẹ sì mọ ilẹ̀ wa. Ọmọ tí kò bá kí àgbà, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Ṣùgbọ́n Bàbá ní ìkíni ọmọ Yorùbá kì í parí sí ẹnu. "Bí ẹnu bá kí, orí á tẹ̀. Bí orí bá tẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀, ọwọ́ á tú." Láràárọ̀ ló ń mú wa sọ ọ́, bí ọmọ ilé kéú ṣe ń ka wàláà.

Kí àwọn ará àdúgbò má baà bínú, ó ní ohun kan tó máa ń ṣe. Bí a bá dé ibi iṣẹ́, a óò kọ́kọ́ lọ láti ojúlé dé ojúlé, a óò dọ̀bálẹ̀, a óò kí gbogbo wọn sílẹ̀ fún ọjọ́ náà. Á ní, "Ìkíni àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ rèé, ẹ bá wa gbà á lẹ́ẹ̀kan." Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á bèèrè pé ìgbà wo ni ìkíni di àsansílẹ̀. Odi Bàbá Sùmọ́nù ni wọ́n ń pè wá ní Ayétòrò.

Ní ọjọ́ kan bàbá mi ru iṣu wá kí mi láti Igbógìlà. Èmi ló di okùn, Múfú wà nísàlẹ̀. Bàbá mi kí mi, mo tẹjú mọ́ ẹnu kànga. Ó tún kí mi, mo dákẹ́. Ó sọ iṣu kalẹ̀, ó lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Ìgbà tí Múfú jáde tán ni mo tó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó wò mí títí.

Ó ní, "Ọmọ ni mo fi sílẹ̀ níbí. N kò mọ̀ pé odi ni mo máa bá."

Bàbá Sùmọ́nù ní kí ó má bínú, pé odi náà ti ń mọṣẹ́ bọ̀.

Apẹ̀rẹ̀ ni a fi ń fa erùpẹ̀ nígbà náà, okùn tí a fi ọwọ́ lọ́ ni a so mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, a óò sọ fìtílà kalẹ̀. Bí iná bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára, a óò dúró. Lẹ́yìn náà ni korobá onírin dé, tí okùn ọ̀rá sì gba ipò okùn àfọwọ́lọ́. Bàbá kò fẹ́ràn okùn ọ̀rá. Ó ní ó ń yọ̀ lọ́wọ́, kì í sì í kìlọ̀ kí ó tó já.

Ìjàǹbá tí mo fẹ́ sọ, okùn kọ́ ló já. Ilé olùkọ́ kan ní Ayétòrò la ti ń gbẹ́ kànga. Ó ti jìn, àpáta sì ti ń yọjú, nítorí náà Bàbá fúnra rẹ̀ ló wọlé. Múfú di okùn. Èmi ń da erùpẹ̀ nù lẹ́yìn ilé. Ní àsìkò yẹn, Múfú ń tọrọ ọmọ kan tó fẹ́ fi ṣe aya, bàbá ọmọ náà kò sì tíì dá a lóhùn. Bàbá yìí ló gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Ó dúró, ó ní, "Múfú, o kú iṣẹ́ o."

Mo ń bọ̀ láti ẹ̀yìn ilé, mo rí i. Múfú dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àna rẹ̀ ni. Ara ló dọ̀bálẹ̀ kí orí tó rántí. Korobá tó kún fún òkúta sì padà sísàlẹ̀.

A kò gbọ́ igbe. Ìró kan ṣoṣo ni a gbọ́.

Ọrùn ló bà. Bàbá kò lè dìde mọ́ láti ọjọ́ náà. Oníkẹ̀kẹ́ yẹn wá bẹ̀ ẹ́ lórí ibùsùn, Múfú sì dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Bàbá ní kí oníkẹ̀kẹ́ sún mọ́ òun. Ó ní, "Ìkíni tí ọmọ yẹn kí ọ, mo gbọ́ ọ nísàlẹ̀. Ó kí ọ dáadáa. Fún un lọ́mọ rẹ." A kò mọ̀ bóyá ká rẹ́rìn-ín tàbí ká sunkún. Bàbá kò rí Iléyá ọdún yẹn.

Wọ́n fún Múfú níyàwó. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan okùn mọ́ títí dòní. Ó ní inú kànga ni tòun, kí èmi máa di okùn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe é ní gbogbo ọdún tí a jọ lò: òun nísàlẹ̀, èmi lókè. A gbẹ́ kànga káàkiri ilẹ̀ Yewa, a sì ń sọdá sí orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí àwa ń pè ní apá Faransé, bí ẹni ń lọ sí àgbàlá kejì.

Ìpókíá ni mo ti pàdé Títí, ìyàwó mi. Ó ń ta òróró àgbọn tí ìyá rẹ̀ ń ṣe. Ìletò wọn ni Àgọ́-Àgbọn, lórí iyanrìn tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí ilẹ̀ wa àti apá Faransé ti pààlà. Ọkọ̀ ojú omi la fi ń débẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ọmọ ní láti ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna rẹ̀, kó bá wọn roko tàbí kó bá wọn kọ́lé. Àgọ́-Àgbọn kò lóko. Mo ní màá gbẹ́ kànga.

Ìyá Títí, tí èmi náà ń pè ní Màmá, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. "Kànga nínú iyanrìn? Òkun nìyí níwájú, ọ̀sà nìyí lẹ́yìn. Ṣé iyọ̀ lo fẹ́ bá mi wà?"

Mo sọ fún un pé omi òjò tó bá wọ inú iyanrìn máa ń lé téńté lórí omi iyọ̀, bí òróró àgbọn rẹ̀ ṣe ń lé sórí omi nínú ìkòkò. Bí ènìyàn kò bá ti wà á jìn jù, dídùn ni yóò bá. Èmi àti Múfú gbẹ́ ẹ, a fi búlọ́ọ̀kù tò ó yíká. Mo fa korobá àkọ́kọ́, mo gbé e fún Màmá. Ó mu ún. Ó tún mu ún. Ó wo Títí, ó ní, "Lọ kó ẹrù rẹ."

Ní ìgbà náà, àágùn á ti bo ènìyàn kí ó tó ti ìdí kànga yẹn rìn dé etí òkun. Ọdún ń lọ, òkun ń bọ̀. Ìlà àgbọn tó wà níwájú pátá wó. Àwọn tó tẹ̀ lé e náà wó. Ilé àwọn apẹja tó wà níwájú bọ́ sínú òkun. Ìgbàkígbà tí a bá lọ kí Màmá, Títí á kọ́kọ́ wo iwájú, á wá wò mí.

Títí kú nínú àìsàn tí kò pẹ́. Màmá ní kí wọ́n gbé ọmọ òun wá sílé. A sin ín sí ẹ̀yìn ilé Màmá, kò jìnnà sí kànga. Ìyá kì í wo sàréè ọmọ rẹ̀. Ẹnu kànga ló jókòó sí, tó kẹ̀yìn sí wa títí a fi parí. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún un pé kó kó kúrò lórí iyanrìn, á ní òun kò lè fi ọmọ sílẹ̀ lóun nìkan.

Ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ kan dé etíkun wa. Àwọn orílẹ̀-èdè ayé ti ń ṣèpàdé lórí ojú ọjọ́ tó ń gbóná àti òkun tó ń kún. Wọ́n ti fẹnu kò pé àwọn tó bá jọ ní etíkun kan náà ní láti jọ dáàbò bò ó, torí òkun kò mọ ààlà. Owó wá láti òkè òkun, ilẹ̀ méjèèjì sì jọ gba iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ to òkúta ńláńlá wọnú òkun ní apá Faransé àti ní ọ̀dọ̀ tiwa, kí wọ́n gbin igi ẹ̀gbà sí etí ọ̀sà kí gbòǹgbò rẹ̀ di ilẹ̀ mú, kí wọ́n sì tún àwọn kànga ṣe. Ìdí kànga ni èmi àti Múfú bá wọnú iṣẹ́ náà. A gbé pọ́ǹpù sórí kànga Màmá. Inú mi dùn sí iṣẹ́ yẹn ju gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe lọ.

Ọ̀gá wa níbẹ̀ jẹ́ ọmọ Kétu láti apá Faransé. Yorùbá ni bíi tiwa, ṣùgbọ́n Faransé ló fi kàwé. Mùsé, bí àwọn Faransé ṣe ń pe ọ̀gá, ni gbogbo wa ń pè é. Ní ọjọ́ kan a jókòó sí iwájú ilé Màmá, ó fi igi fa ìlà sórí iyanrìn, ó ń ṣàlàyé òkúta fún wa.

Ó ní, "Iyanrìn kì í dúró sójú kan. Láti ọ̀dọ̀ wa lọ́hùn-ún ni òkun ti ń wọ́ ọ bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Bí a bá to òkúta tiwa, iyanrìn á dúró tì wá, tiyín kò ní dé. Nítorí náà, a ò gbọdọ̀ ṣe tiwa ká fi tiyín sílẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀, òkun á jẹ yín ní ìlọ́po."

Múfú kì í sábà sọ̀rọ̀. Ó ní, "Okùn kan lẹ jọ dì mú nìyẹn."

Mùsé rẹ́rìn-ín. "Òkúta ni, Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe okùn. Ta ló wà nísàlẹ̀?"

Múfú fi àgbọ̀n júwe Màmá, tó ń ro òróró lórí iná ní ìdí ògiri.

Ọ̀dọ̀ wọn ni òkúta ti ń wá, nítorí náà tiwọn ló kọ́kọ́ parí. Wọ́n ti kó tiwa jọ, ó ku kí wọ́n gbé e sọdá. Ìgbà náà ni ìjọba wa ti bọ́dà. Wọ́n ní nítorí ìrẹsì àti epo bẹntiróòlù tó ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. N kò mọ ọ̀rọ̀ ìjọba. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọjà dá wáí, epo di ọ̀wọ́n ní gbogbo ẹ̀bá bọ́dà, ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbé ní òdìkejì kò lè lọ kí i. A rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì ni. Oṣù ń gorí oṣù.

Mo lọ sí Ìdí-Ìrókò. Okùn ni wọ́n ta dí ojú ọ̀nà níbi tí mo dúró sí, aṣọ́bodè kan di orí rẹ̀ kan mú. Mo kí i. Ó dá mi lóhùn dáadáa, ó tilẹ̀ bèèrè àlàáfíà ilé. Okùn náà kò sọ̀ kalẹ̀. Mùsé wá sí òdìkejì gẹ́gẹ́ bí a ṣe jọ sọ lórí fóònù, a sì ń pariwo sí ara wa bí àwọn tó wà ní bèbè odò.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkúta yín wà níbí. Bí mo bá jí, òun ni mo kọ́kọ́ ń rí."

Mo bi í pé ìgbà wo ni yóò dé.

"Àwọn tó wà lókè ṣì ń sọ̀rọ̀."

Mo ní, "Bá mi sọ fún wọn pé ènìyàn wà nísàlẹ̀."

Ó ní òun ti sọ ọ́.

Òkun kò gbọ́ pé wọ́n ti bọ́dà. Bí Mùsé ṣe fa ìlà yẹn sórí iyanrìn ló rí. Iyanrìn dúró sí ìdí òkúta apá Faransé, ọ̀dọ̀ tiwa ń ṣí lọ. Àgbọn tó ṣẹ́kù wó lulẹ̀ láàárín àsìkò òjò kan. Ìgbì ń fò dé ẹ̀yìn ilé. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ Màmá, ó fún mi lómi mu. Mo mu ún. Ó ní, "Ó ti di ọbẹ̀. Ata ló kù." Láti ìgbà tí iyọ̀ ti wọ kànga, ọwọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ ló ti ń ra omi dídùn láti òdìkejì ọ̀sà. Àwọn tó ń ṣọ́ ọ̀sà nítorí bọ́dà sì ń lé ọkọ̀ padà.

Síbẹ̀ kò kó kúrò. Ó ní òkúta ń bọ̀. Èmi ni mo sọ fún un pé ó ń bọ̀, nítorí Mùsé kò fìgbà kan sọ fún mi pé kò ní í wá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n jí, sàréè Títí kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè mí pé òun ti ṣe tán.

Ọmọ àbúrò rẹ̀ kan ní Ìfọ́nyìntẹ́dó ló fẹ́ gbà á sílé. Àwọn ará Àgọ́-Àgbọn yòókù ti lọ ṣáájú. Èmi àti Múfú wá láti yọ pọ́ǹpù, kí a lè gbé e lọ síbi tí yóò ti wúlò. Ọ̀pá rẹ̀ ti há nísàlẹ̀. Ẹnì kan ní láti wọlé lọ tú u. Ògiri kànga ti ń yẹ̀, iyanrìn ń wọ́ láàárín búlọ́ọ̀kù. Kí Múfú tó wọlé, mo ṣe gẹ́gẹ́ bí Bàbá Sùmọ́nù ti kọ́ wa. Mo lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ilé ṣófo. Mo dé ti Màmá, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ìkíni àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ rèé, Màmá." Ó ní òun ti gbà á.

Múfú wọlé, mo di okùn mú. Ó pẹ́ nísàlẹ̀. Mo ń gbọ́ bí irin ṣe ń lu irin, mo sì ń gbọ́ bí iyanrìn ṣe ń bọ́ sómi. Àwọn ọlọ́kọ̀ ti kó ẹrù Màmá tán. Wọ́n ní omi ọ̀sà ti ń fà, ọkọ̀ kò lè dúró. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ tí ó dúró.

"Bàbá Fúnmi, ó dàbọ̀ o."

Fúnmi ni orúkọ ọmọ tí Títí bí fún mi. Ẹ̀yìn mi fẹ́ tẹ̀. Mo mọ ohun tó ṣe Múfú ní ọjọ́ ìjàǹbá yẹn. Àna mi ni, àgbàlagbà ni, òun ló bí ìyàwó mi. Mo tẹjú mọ́ ẹnu kànga. Okùn ń gé ọwọ́ mi.

Ó dúró díẹ̀ sí i. Ó wá ní, "Má dá mi lóhùn. O ti kí mi láàárọ̀. Di okùn rẹ mú."

Mo gbọ́ tí ó ń lọ lórí iyanrìn. Mo gbọ́ tí wọ́n fi ọ̀pá ti ọkọ̀. Nígbà tí orí Múfú yóò fi yọ, ọkọ̀ ti dé agbami ọ̀sà. Ó bi mí pé ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní Màmá ni. Ó jókòó sórí iyanrìn pẹ̀lú omi lára, kò sì gbé ojú sókè.

Ìkíni àárọ̀, ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ ni mo kí i. Ó dàbọ̀ kò sí nínú rẹ̀. Màmá kò lo ọ̀sẹ̀ kan ní Ìfọ́nyìntẹ́dó tó fi sùn tí kò jí mọ́.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi parí sí. Kànga ẹlẹ́rọ ló kù tí àwọn ènìyàn ń wá báyìí. Mọ́tò kan á gbé ẹ̀rọ wá láàárọ̀, wọ́n á ti parí nírọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó wọ ilẹ̀, kò sí ẹni tó di okùn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́, n kò ní kí ẹ wá kọ́ tiwa. Àwọn kan lára yín lè kàwé débi pé ẹ ó wà níbi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé lórí òkun. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ rántí pé ìjókòó yẹn, ẹnu kànga ni.

Wọ́n ti ṣí bọ́dà. Mùsé pè mí lórí fóònù. Ó ní wọ́n ti kó òkúta dé Àgọ́-Àgbọn, wọ́n sì ti ń tò ó. Mo bi í pé ta ló kù nísàlẹ̀. Ìkíni ló fi dá mi lóhùn: ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àtẹ̀yìnwá, ẹ kú ìrọ́jú Màmá. Kò sí okùn lọ́wọ́ mi mọ́. Mo dáhùn gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.